Ìgò Ló Kọ́kọ́ Dé Ìbàràpá, Omi Ló Kẹ́yìn

Ẹni tó bá ti ná ọjà Igbó-Ọrà tàbí ti Èrúwà rí yóò jẹ́rìí mi pé iṣẹ́ tí ìgò ń ṣe níbẹ̀ ju ti ọtí lọ. Epo pupa, ìgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kẹrosíìnì, ìgò ni. Ẹ̀pà yíyan, inú ìgò ló ń gbé. Àgbo ibà tí ìyá àgbà sè, inú ìgò náà ni. Bí o bá sì wo ìgò ọ̀hún dáadáa, ìgò bíà ni. Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ìtàn rẹ̀ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n egungun wà nínú ẹran rẹ̀.

Kí ìgò tó dé, ọ̀fun àwọn bàbá wa kò gbẹ o! Nínú ìlú méjèèje Ìbàràpá, Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lànlátẹ̀, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà àti Igàngàn, ẹmu ń bẹ, ògùrọ̀ ń bẹ. Àwọn obìnrin ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀, wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ọtí ọkà. Àléébù kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé wọn kì í dúró. Ẹmu àárọ̀ yóò ti kan kó tó di ọjọ́ kejì. Ohun tí ìgò fi gba ipò lọ́wọ́ igbá nìyẹn: ó lè dúró de àlejò fún oṣù mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Òkè òkun ni bíà ti kọ́kọ́ ń wá. Lọ́dún 1946 ni UAC àti Heineken pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Brewery sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 1949, ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú, l'Ékòó. Ní 1953, Nigerian Bottling Company ti àwọn Leventis bẹ̀rẹ̀ sí rọ Coca-Cola sínú ìgò, l'Ékòó náà ni. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an, ni 7Up jáde. Ní 1962, Guinness kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkejà, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀ Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tiwa tọ́ ọ wò, ó dúdú, ó korò, wọ́n sọ ọ́ ní Odéku. Ní ìparí ọdún 1978, Iléṣà náà gbé Trophy jáde láti ilé-iṣẹ́ tí Olóyè Lawrence Ọmọlé dá sílẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní Ìbàràpá. Lọ́rì ló ń gbé ìgò wá láti Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, ẹ ó ti máa gbọ́ ìró wọn láti òkèèrè kí ẹ tó rí ọkọ̀. Ọlọ́jà kò ní jẹ́ kí o gbé kéèsì kan lọ láìmú òfìfo kéèsì kan wá. Bí o kò bá ní, wàá fi owó ìgò sílẹ̀. Fíríìjì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà inú bokẹ́ẹ̀tì omi ni wọ́n ń kó o sí títí yóò fi tutù. Àwọn ọmọdé ń ṣa ìdérí rẹ̀, wọ́n ń lù ú pẹrẹsẹ, wọ́n ń fi okùn bọ̀ ọ́ kó máa pòòyì. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà fún bíà, mínírà ń bẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹlẹ́rìndòdò. Àlùfáà àti ọ̀mùtí wá lè jókòó sídìí tábìlì kan níbi ìkómọ. Kò pẹ́ tí àwọn àna fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ kéèsì mínírà mọ́ ẹrù ìyàwó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obì, orógbó àti ataare.

Ṣùgbọ́n omi ńkọ́? Ibi tí egungun wà nìyí. Lásìkò tí a ń ṣí Fanta fún àlejò, omi adágún ni ọ̀pọ̀ onílé ń mu. Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, ṣì ń bá sòbìà jà ní àwọn ọdún 1980. Kòkòrò tíntín inú adágún ló ń gbé ọmọ sòbìà. Ẹni tó mu ún kò ní mọ nǹkan kan fún nǹkan bí ọdún kan, lẹ́yìn náà ni aràn gígùn yóò lu ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Bó bá tún ki ẹsẹ̀ náà bọ omi, ó ti pín in fún ará ìlú nìyẹn. Àgbẹ̀ a wà nílẹ̀, ẹ̀gúsí a bàjẹ́ lóko, ọmọ ilé-ìwé a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àgbà ní kí sòbìà tó degbò ni à ń ké sí olúgàńbe. Àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Igbó-Ọrà láti 1963, bá wọn dá sí i. Àwọn télọ̀ Ìdèrè sì ń rán aṣọ asẹ́ tí onílé lè fi sẹ́ omi mímu.

Ẹ wo ọdún 1988. Lọ́dún náà ni òfin ìjọba dé pé a kò gbọdọ̀ kó bálì wọlé mọ́. Ṣé bíà tán? Kò tán o! Àwọn ilé ìpọntí yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ọtí òyìnbó bá padà sídìí ohun tí ìyá wa àgbà ń pọn. Ní àkókò kan náà, ìkànìyàn tí wọ́n ṣe láàárín 1987 sí 1988 fi hàn pé àwọn tí sòbìà ń dá lóró ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko!

Lónìí, ìgò oníke ti gba ọ̀pọ̀ ipò lọ́wọ́ ìgò gidi. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè òfìfo rẹ̀, gọ́tà ló ń gbà á. Omi pàápàá ti di ohun tí à ń rà nínú ọ̀rá. Kò burú kí á máa fi ẹ̀rín rántí Star àti Fanta ayé ọjọ́un, adùn wọn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ẹ rántí lọ́rì náà pẹ̀lú: ó ń gbé ìgò kíkún wá, ó sì ń padà wá kó òfìfo, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Ẹnikẹ́ni tó bá tún sọ fún yín pé ìlú yín jìnnà jù fún omi ẹ̀rọ, ẹ bi í pé ta ló fi ọ̀nà han Fanta.