Kí ni dókítà fẹ́ fi sosiọ́lọ́jì ṣe? Ẹ jókòó, ìtàn wà ńbẹ̀

Àbúrò mi kan wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, dókítà ló fẹ́ dà. Lálẹ́ àná ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́dọ̀ mú kọ́ọ̀sì kan tó jẹ mọ́ àwùjọ. Èwo ló rọrùn jù?" Ẹ̀rín pa mí. Mo ní dúró ná, jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìtàn fún ẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa gbọ́.

1848. Tífọ́ọ̀sì ń pa àwọn èèyàn Upper Silesia (kì í ṣe táífọ́ọ̀dù o, èyí tí iná ara aṣọ ń gbé kiri ni). Ìjọba Prussia rán dókítà ọmọ ọdún 26 kan, Rudolf Virchow, kó lọ wò ó. Ẹ rò pé oògùn ló kọ sínú ìwé tó padà kọ, àbí? Ó ti o. Ó ní ebi, ìṣẹ́ àti àìmọ̀wé ló wà nídìí ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé ìwé, kí wọ́n gbé ẹrù owó orí kúrò lórí tálákà, kí wọ́n sì jẹ́ kí èdè Polish tí àwọn èèyàn yẹn ń sọ di èdè ìjọba níbẹ̀. Dókítà lẹ rán níṣẹ́, ọ̀rọ̀ owó orí ló gbé bọ̀!

Nígbà tó di 1910, Abraham Flexner kọ ìròyìn lórí àwọn ilé ìwé dókítà Amẹ́ríkà. Òun fúnra ẹ̀ kì í ṣe dókítà, tíṣà ni. Ibẹ̀ ni bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì ti wá di ọba. Nínú ilé ìwé dókítà méje ti àwọn aláwọ̀ dúdú, Howard àti Meharry nìkan ló ní kí wọ́n dá sí. Ẹ wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àwùjọ ò kan ìṣègùn.

Nílé wa ńkọ́? 1954, Abẹ́òkúta. Dókítà Adéoyè Lámbò ní kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Aró ká, tàwọn ti ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn mọ́ra. Àwọn olùwádìí láti Cornell wá bá a ṣiṣẹ́, ìwé wọn lórí àìsàn ọpọlọ láàárín Yorùbá sì jáde ní 1963.

Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà ni. Láti 2015 ni MCAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ìwé dókítà, ti ní abala sáíkọ́lọ́jì àti sosiọ́lọ́jì: ìbéèrè 59, ìṣẹ́jú 95, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo máàkì.

Torí náà, àbúrò: tó bá jẹ́ ìdánwò nìkan lò ń rò, sáíkọ́lọ́jì ni kó o kọ́kọ́ mú, òun ló pọ̀ jù nínú abala yẹn. Tí àyè bá wà, fi sosiọ́lọ́jì kún un. Antropọ́lọ́jì ò fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìdánwò, àmọ́ ká ní èmi ni, màá mú un nítorí Aró.

Ó ti fèsì. Ó ní sosiọ́lọ́jì yẹn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni.