Oúnjẹ Alágẹmọ: Ìtàn Sísin Alágẹmọ àti Kòkòrò Nínú Ilé

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bá ènìyàn mu ni ó bá alágẹmọ mu. Ẹranko tí àwọn Yorùbá mìíràn ń pè ní ọ̀gà yìí, tí Hausa ń pè ní hawainiya, tí Igbo sì ń pè ní ogwumagala, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, àwọ̀ rẹ̀ tó ń yí padà ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń sọ, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tó ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà ìrìn rẹ̀. Ìwọ̀nba ni ẹni tó ń bèèrè ohun tó ń jẹ.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè tí a kì í sábà bèèrè yìí gan-an ni ìtàn sísin alágẹmọ nínú ilé dá lé lórí. Ó lé ní 1,500 ọdún tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi gbà pé afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń jẹ. Ìgbà tí ènìyàn kọ́ bí a ṣe ń sin kòkòrò ni ó tó lè sin alágẹmọ. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́.

Alágẹmọ láàárín Yorùbá

Láàárín Yorùbá, alágẹmọ kì í ṣe ohun ìṣeré. Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ tí Bọ́lájí Ìdòwú kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní ọdún 1962, alágẹmọ ni a rán wá wo ilẹ̀ tuntun ní Ifẹ̀ bóyá ó ti le tó láti tẹ̀. Ìrìn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó mú un yẹ fún iṣẹ́ náà. Ní Ìjẹ̀bú, Agẹmọ jẹ́ òrìṣà tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn baba wa mú un wọlé sìn. Ẹni tó bá rí i lọ́nà a yà fún un, tàbí kí ó sọ ọ́ lókùúta. Ẹni tó bá sì mú un, ọjà èlò oògùn ni ó sábà ń gbé e lọ. Nítorí náà, ilẹ̀ òkèèrè ni a ó ti wá ìtàn sísìn rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀

Irú alágẹmọ kan ń gbé etí Òkun Mẹditaréníà, ní àríwá Áfíríkà àti gúúsù Sípéènì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù fi mọ̀ ọ́n. Aristotle ṣàpèjúwe ara àti ojú rẹ̀ ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Pliny, ọmọ Róòmù tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, ní òun nìkan nínú gbogbo ẹranko ni kì í jẹ tí kì í sì í mu, pé afẹ́fẹ́ ni ó fi ń gbé ẹ̀mí ró.

Kì í ṣe pé Pliny jẹ́ òmùgọ̀. Alágẹmọ lè fara da ebi fún ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹ̀rù bá bà á, a la ẹnu, a sì fi afẹ́fẹ́ wú ara. Bí a bá gbé omi sínú abọ́ fún un, kì í sábà mu ún, nítorí ìrì àti ẹ̀kán omi òjò ara ewé ni ó ń lá. Ahọ́n rẹ̀, tó lè nà ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, a jáde, a sì wọlé, kí ojú ènìyàn tó rí i. Ẹni tí kò bá jókòó tì í pẹ́ yóò gbà lóòótọ́ pé kì í jẹun.

Ní 1646, Thomas Browne, dókítà kan ní Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ko èrò yìí nínú ìwé tó kọ lórí àwọn àṣìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀, kí ni ó fẹ́ fi ikùn àti ìfun ṣe? Ní 1669, Claude Perrault tẹ ìwé jáde lórí alágẹmọ kan tí wọ́n la inú rẹ̀ wò ní Paris. Ní ìlú yẹn kan náà, ní 1672, òǹkọ̀wé Madeleine de Scudéry gba alágẹmọ méjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Íjíbítì. Ó sìn wọ́n nílé, ó sì kọ ìtàn wọn. Ìfẹ́ wà, ìmọ̀ oúnjẹ ni kò tó. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi kú.

Bí kòkòrò ṣe di ohun ọ̀sìn

Àwọn tó kọ́kọ́ sin kòkòrò kò sìn ín nítorí alágẹmọ. Àwọn ará Ṣáínà ti ń sin ìrẹ̀ nínú àgò kékeré nítorí ohùn rẹ̀ láti ayé ìdílé ọba Tang, tó jọba láti 618 sí 907. Láti nǹkan bí 1910, Thomas Hunt Morgan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York ń sin eṣinṣin èso wẹ́wẹ́ nínú ìgò mílíìkì láti wádìí bí ọmọ ṣe ń jọ òbí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn kan ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń sin ìrẹ̀ tà fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Irú ìmọ̀ yìí ni àwọn olùfẹ́ alágẹmọ bá nílẹ̀. Eṣinṣin wẹ́wẹ́ di oúnjẹ ọmọ alágẹmọ, ìrẹ̀ di oúnjẹ àgbà.

Iṣẹ́ náà kò le. Kò ju ike ńlá tó ní ihò afẹ́fẹ́ lọ, pẹ̀lú páálí ẹyin tí ìrẹ̀ yóò máa sá sí, èérí ọkà, kárọ́ọ̀tì fún omi, àti abọ́ yanrìn tútù tí abo yóò yé ẹyin sí. Bí ooru bá tó nǹkan bí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹyin ìrẹ̀ tí wọ́n ń sìn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a pa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ a sì dàgbà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí oúnjẹ tàbí omi bá tán, wọn a máa jẹ ara wọn.

Síbẹ̀, alágẹmọ ń yó, egungun rẹ̀ ń rọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ìrẹ̀ pọ̀ ju kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ, ẹranko tí a sé mọ́lé kò sì rí oòrùn tí ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D. Àwọn tó ń sìn ín wá mọ̀ pé ohun tí ìrẹ̀ bá jẹ lónìí ni alágẹmọ yóò jẹ lọ́la. Wọ́n ń fún ìrẹ̀ ní ewé tó dára, wọ́n ń bu ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù sí i lára, wọ́n sì ń tan iná tó ní ìtànṣán bíi ti oòrùn, èyí tó wọ́pọ̀ láti àwọn ọdún 1990. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì kan kọlu àwọn oko ìrẹ̀ ní Yúróòpù láti 2002, tó sì dé Àríwá Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ fi aáyán àti eéṣú kún un.

Ohun tí òwò náà fi jẹ alágẹmọ níyà

Kí ìmọ̀ yìí tó tàn kálẹ̀, igbó ni wọ́n ti ń kó alágẹmọ tà: ní Madagásíkà, níbi tí nǹkan bí ìdajì gbogbo irú alágẹmọ wà, ní Kẹ́ńyà, ní Tàǹsáníà, àti ní Tógò nítòsí wa níhìn-ín. Bí èyí bá kú, wọn a tún kó òmíràn. Ní 1972, onílé-ìtajà kan ní Hawaii kó alágẹmọ oníwo mẹ́ta wọlé láti Kẹ́ńyà, ó sì tú wọn sí ọgbà kí ara wọn lè mókun. Wọ́n sá lọ, wọ́n bí sí i, títí di òní ni wọ́n sì ń jẹ kòkòrò àti ìgbín kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé.

Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú ewu, tí a mọ̀ sí CITES, ni wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1974, ọ̀pọ̀ irú alágẹmọ sì wọ ìwé rẹ̀ ní 1977. Ní 1995, wọ́n dín òwò alágẹmọ Madagásíkà kù sí irú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́. Alágẹmọ ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀n, Chamaeleo calyptratus, ń yé ọ̀pọ̀ ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń bí sí i nínú àgò bí oúnjẹ bá pé. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà lónìí jẹ́ èyí tí wọ́n bí sínú ilé ènìyàn, a kò kó wọn nínú igbó. Ìrẹ̀ inú ike ni ó mú èyí ṣeé ṣe.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

Ìtàn yìí kò ní kí a lọ mú alágẹmọ wá sí kíláàsì. Ohun tí a ń dámọ̀ràn fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ wa ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sin ìrẹ̀ tàbí tata ilẹ̀ wa nínú ike, kí ó máa kọ ọjọ́ tí ẹyin pa àti ìgbà tí ọmọ bọ́ awọ sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ wọn ní èdè abínibí rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì nílò iná mànàmáná. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ kó wọn lọ wo alágẹmọ lórí igi tó wà, kí wọ́n jókòó tì í títí yóò fi jẹun lójú wọn. Ọmọ tó bá ti rí i bẹ́ẹ̀ kò ní sọ ọ́ lókùúta, kò sì ní gba ohun tí ìwé sọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, bí àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ ṣe gba ọ̀rọ̀ Pliny.

Àgbà ní alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ìtàn ti ṣe tirẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ àwa olùkọ́.