Àwo Amọ̀, Igbá àti Ọpọ́n: Ohun Ìjẹun Àtijọ́ ní Adó-Èkìtì àti Agbègbè Rẹ̀

Bí a bá ń ka ìtàn ilẹ̀ Èkìtì, orúkọ àwọn ọba àti ti àwọn jagunjagun ni a sábà máa ń bá pàdé. A ń gbọ́ ti àwọn Ewì tí wọ́n jẹ ní Adó, ti Ogun Kírìjì, àti ti àdéhùn àlàáfíà tí a ṣe ní ọjọ́ 23 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1886. Ìtàn wọ̀nyí dára, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ tí ọba, jagunjagun àti tálákà jùmọ̀ ń fi ọwọ́ kàn lójoojúmọ́, tí àwọn òpìtàn kì í sìí kà sí: èyí ni àwo tí wọ́n fi ń jẹun. Àwa fẹ́ fi hàn pé ẹlẹ́rìí ni ohun ìjẹun jẹ́ nínú ìtàn wa, àti pé ti àwọn ìyá wa ni ẹ̀rí tí ó ń jẹ́ jù lọ.

Kí àwo òyìnbó tó dé, ohun mẹ́ta ni àwọn Èkìtì fi ń ṣe ohun ìjẹun wọn, èyíinì ni amọ̀, igbá àti igi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwo amọ̀ ni ó gba ọbẹ̀, nítorí kò kọ iná, ó sì ń pa ooru mọ́. Igbá ni a fi ń mu omi àti ẹmu. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, bí ó bá sì sán, a lè rán an. Igi ni a fi gbẹ́ ọpọ́n, èyí tí ó wà fún ohun tí a fẹ́ fi ọlá gbé síwájú ènìyàn. Iyán sì ni olórí oúnjẹ. Bí a bá gún un tán, a ó fi í sínú àwo tàbí igbá, a ó dé e, a ó sì bu ọbẹ̀ sínú àwo mìíràn. Oúnjẹ tí a ń gbé kọjá ní àgbàlá lọ síwájú baálé, a kì í gbé e ní ṣíṣí sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni ìdérí náà. Àwọn ọmọ a sì yí àwo kan ṣoṣo ká. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ sùúrù, nítorí ọmọ kì í mú ẹran nínú àwo títí àgbà yóò fi pín in.

Níbo ni àwo amọ̀ wọ̀nyí ti wá? Ìsàn-Èkìtì, tí ó wà ní apá àríwá Adó, ni ìlú tí àwọn Èkìtì mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìkòkò. Iṣẹ́ obìnrin ni iṣẹ́ amọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá ni í fi kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọn a wa amọ̀, wọn a gún un, wọn a ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò, wọn a sì fi omi pò ó títí yóò fi rọ̀. Alámọ̀ kì í lo kẹ̀kẹ́ tí ń yí ìkòkò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yí ìkòkò ká. Yóò fi ọwọ́ fa amọ̀ sókè, yóò ha á, yóò dán an, yóò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò to gbogbo wọn jọ ní gbangba, yóò fi igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, yóò sì ti iná bọ̀ ọ́. Bí òjò bá dé lójijì, tàbí bí èyíkéyìí kò bá gbẹ tó, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè fọ́ ní wákàtí kan. Èyí tí ó bá yè ni a ń dì, tí a sì ń fi orí rù lọ sí ọjà. Àwọn àgbà ní, ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Ìdí alámọ̀ pàápàá ti gbóná ṣáájú ti ìkòkò.

Iṣẹ́ náà pẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw wa ilẹ̀ inú ihò àpáta Ìwó Elérú lẹ́bàá Àkúrẹ́, ó sì rí àpáàdì tí ó ti ju 3,000 ọdún lọ níbẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, wọ́n a máa to àpáàdì ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ ara wọn láti fi tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá; a sì ti rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìtàjí àti ní Ìfàkì nínú Èkìtì. Nípa báyìí a mọ̀ pé àwo tí ó fọ́ lọ́wọ́ ìyá kan kò ṣègbé. Ó di ilẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá ń tẹ̀.

Nínú iṣẹ́ igi, orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni ó ga jù lọ. Ẹfọ̀n-Aláayè ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1875. Ó ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1938. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Wembley ní ọdún 1924. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gbà á, àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ wọn ni Ògògà fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ọpọ́n ọlọ́mọrí kan pẹ̀lú, irú èyí tí a fi ń gbé obì síwájú àlejò. Àwọn ère ni ó yí ìdí rẹ̀ ká, orí ènìyàn kan sì wà láàárín wọn tí ó ń yí kiri tí kò lè jáde, nítorí láti ara igi kan náà ni a ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ní Washington, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ọpọ́n náà wà báyìí.

Kí àwa onígbàgbọ́ fi ara balẹ̀ ro ọ̀ràn yìí. Ní àkókò ìsọjí ọdún 1930, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà tí ó sì dé Ẹfọ̀n-Aláayè, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ohun òrìṣà wọn sínú iná. Nínú irú iná bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ráyè ya ohun àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun òrìṣà? Kì í ṣe gbogbo ohun tí a ya ère sí lára ni a ń bọ.

Àwo òyìnbó ńkọ́? Ọ̀nà Oǹdó tí a ṣí ní ọdún 1872 ti so Èkìtì mọ́ Èkó. Nígbà tí ogun sì parí, ọjà òkèèrè túbọ̀ ń wọlé. Ní ọdún 1913 Adó di ibùjókòó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkìtì. Owó kòkó tẹ̀ lé e, ó sì ra àwo tánńganran àti abọ́ onírin dídán. A kò lè bá àwọn ìyá wa wí pé wọ́n gbà á: abọ́ onírin ṣubú, kò fọ́, ó sì rọrùn láti fọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èdè wa. A yá tábìlì, a yá fọ́ọ̀kì, a sì yá kọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo òyìnbó dé, kò mú orúkọ wá. Orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ alámọ̀ ni ó fi wọ ilé wa.

Ohun tí ó dùn wá nìyí. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ kò parun, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni obìnrin tí ó mọ àwo tí ìyá ìyá wa fi bu ọbẹ̀? Ní ọdún 1953 ni a ṣe òfin láti dáàbò bo ohun àtijọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ ilé ìdáná lọ béèrè orúkọ. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ìyá arúgbó tí ó jókòó sí ilé wa, kò sì ní wà títí láé.

Nítorí náà, a ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará ìjọ. Kí ẹ rán àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Kí wọ́n béèrè orúkọ oríṣìíríṣìí àwo, ní ohùn Adó gan-an. Ohun tí a ń bù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjà tí a ti rà á. Ẹni tí ó mọ ọ́n, àti ẹni tí ó kọ́ ọ. Bí àwo kan bá sì kù lábẹ́ àká, kí a má ṣe sọ ọ́ sí ààtàn, kí a má sì tà á fún àjèjì ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n omi ni ó dànù, agbè kò tíì fọ́.