Ọdẹ ìgalà ní ilẹ̀ Yorùbá

Ọdẹ ìgalà ni iṣẹ́ dídọdẹ ìgalà, ẹranko tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Tragelaphus scriptus, fún jíjẹ tàbí fún títà. Ìtàn àwọn akọni ọdẹ kì í sábà mẹ́nu kan ọjọ́ òfo, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ òfo ni ó pọ̀ jù. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ètò ọdẹ ni pé: kí ni ó ṣẹ́ kù nínú igbó tí a fẹ́ wọ̀?

Ẹran náà

Ìgalà pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ní ìlà àti àmì tóótòòtó funfun lára. Akọ nìkan ni ó ń hu ìwo. Ó sábà máa ń dá jẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan kò gbọdọ̀ retí agbo lẹ́yìn rẹ̀. Kì í jìnnà sí ibi tí igbó ti ṣú àti ibi tí omi wà. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó fẹ́ràn láti jẹun, ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn bá ti ń dà á láàmú, òru ni ó ń jáde. Abo a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù 6, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà ń bí. Igbó tí a bá ti pa ìgalà ibẹ̀ ní àpajù kì í tètè kún padà.

Ìgbà

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí iná bá ti jó koríko, ewé tuntun a máa fa ẹran wá, ojú a sì máa ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ a máa tú àṣírí ẹsẹ̀ ọdẹ. Ní ìgbà òjò, ipasẹ̀ a máa hàn lórí ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n igbó ti dí. Ọdẹ òru tí ń lo iná orí a máa yẹra fún òṣùpá.

Ibi

Ìtàn Èkó sọ pé ọdẹ ni Ògúnfúnminíre tí ó tẹ Ìṣẹ́rí dó. Lónìí, láti Apọ́ngbọ̀n dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé àti ọjà ni gbogbo rẹ̀. (Orúkọ Apọ́ngbọ̀n kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àgbọ̀nrín, irùngbọ̀n pupa William McCoskry, adelé gómìnà Èkó ní 1861, ni a fi sọ ọ́.) Ará Èkó tí ó fẹ́ dọdẹ ní láti kọjá sí ìhà Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí a mọ̀ fún ẹja àti ẹran ìgbẹ́, dára láti kọ́kọ́ yà sí: bí ó bá jẹ́ ọ̀yà àti òkété ni ó kún orí àtẹ, ọdẹ ti mọ ohun tí yóò bá pàdé. Òfin kò gba ọdẹ ṣíṣe láàyè nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀yọ́-Ilé.

Ìrètí

Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn tí ń dọdẹ Odocoileus hemionus, àgbọ̀nrín elétí ńlá bí ti ìbaaka, ní ìṣirò tí wọ́n lè gbé ètò wọn lé. Ní ìpínlẹ̀ Colorado, ìbò ni wọ́n fi ń pín ìwé àṣẹ, ìjọba a sì máa tẹ iye ọdẹ tí ó rí ẹran pa ní agbègbè kọ̀ọ̀kan jáde. Ní tiwa, ẹnu àwọn ọdẹ àgbà àti àwọn àgbẹ̀ tí ẹran ń jẹ ewé ẹ̀wà wọn ni ìṣirò wà.

Ohun ìjà náà ní ààlà. Ìbọn ṣakabùlà kò ju ìró kan lọ kí a tó tún un kì, kò sì ṣe é fọkàn tán bí ẹran bá jìnnà. Ewu tí ó tóbi jù ni ti ọdẹ tí ó ti búra pé òun kò ní padà lọ́wọ́ òfo: ó lè yìnbọn sí ohun tí kò tíì rí dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ fi ń sọ ìhà tí oníkálukú ń lọ fún ara wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ohun tí ń tàn nínú igbó lóru lè jẹ́ iná orí ọdẹ mìíràn.