Ojú, Ọ̀rọ̀ àti Ìgbésẹ̀ Ara: Bí Dókítà Ṣe Ń Mọ Bí Ọpọlọ Ṣe Farapa Tó

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ bíbí ìlú Awẹ́, padà láti Amẹ́ríkà sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn lọ́dún 1962, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Fọ́tò X-ray ayé ìgbà náà lè fi agbárí tó sán hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ọpọlọ fúnra rẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sábẹ́ agbárí láìsí ẹni tó fura. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lè di òkú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan. Káàkiri ayé, "ó dákú díẹ̀" tàbí "oorun ń kùn ún" ni dókítà ń kọ sílẹ̀. Ta ni yóò fi "díẹ̀" ti àárọ̀ wé "díẹ̀" ti alẹ́?

Ní oṣù Keje ọdún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, dókítà méjì ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, gbé òṣùwọ̀n kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí a wò: ṣé aláìsàn ń lajú? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítumọ̀? Ṣé ó ń gbé apá bí a bá ní kó gbé e, àbí ìgbà tí a bá ta á lára nìkan? Ojú ní máàkì 4, ọ̀rọ̀ ní 5, ìgbésẹ̀ ara sì ní 6 lẹ́yìn tí wọ́n fi ọ̀kan kún un. Ẹni tí ara rẹ̀ pé gba 15. Ẹni tí kò dáhùn rárá gba 3, nítorí kò sí òdo níbẹ̀. Láti 8 wálẹ̀, ewu ńlá ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́kù jáde láyé ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà.

Ẹ̀rọ CT, tí Godfrey Hounsfield ṣe, ti ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn àkọ́kọ́ ní London lọ́dún 1971, ó sì ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí hàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í jókòó ti aláìsàn mọ́jú. Nọ́ọ̀sì ló ń jókòó, òṣùwọ̀n Glasgow kò sì bèèrè iná mànàmáná lọ́wọ́ rẹ̀. Bí 14 bá di 11 láàárín wákàtí méjì, kò sí àríyànjiyàn mọ́: kí wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ.

Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọtí lè fa máàkì ẹni tí kò farapa wálẹ̀. Ẹni tí rọ́bà ìmí wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ kò lè fọhùn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọ 1 síbi ọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ pé kò ṣe é wọ̀n.