Ẹni Tí Ó Là Á Já: Ìtàn Àṣẹ́kù Àrùn láti Ẹkùn Lagbé dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní Lagbé, tí ó wà lábẹ́ Ifangni ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889 kò jìnnà, àrùn tí ń ran ènìyàn jẹ́ ọ̀rọ̀ òrìṣà fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ṣànpọ̀nná ni Yorùbá ń pe òrìṣà tí ó ni ìgbóná, Sakpata ni ti àwọn tí ń sọ èdè Gùn àti Fọ̀n, ṣùgbọ́n a kì í pe orúkọ náà ní gbangba: wọ́n á ní Olóde ni, tàbí kí wọ́n ní ilẹ̀ gbóná. Láyé ìgbóná, ẹni tí òrìṣà yìí bá pa, ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, àwọn àwòrò ni ó sì ń sin òkú náà, tí wọ́n á sì kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó là á já ní ipò tirẹ̀. Ojú rẹ̀ lè kún fún àpá, ó sì lè fọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ìgbóná kì í sábà mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, òun ni wọ́n ń rán wọ yàrá aláìsàn láti gbé omi àti ẹ̀kọ fún un, kí ó sì bá a palẹ̀ aṣọ mọ́. Ìmọ̀ ńlá ni èyí, tí àwọn àgbà ti ní kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn bí ara ṣe ń dojú ìjà kọ àrùn, àmọ́ ibẹ̀ náà ni ó dúró sí. Wọ́n mọ ohun tí ara ẹni tí ó yè lè ṣe fún ẹlòmíràn; ohun tí ó ń ṣe ara náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìbéèrè.

Àwọn abupá tí ètò ìmúkúrò ìgbóná ọdún 1967 rán káàkiri ogún orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí Dahomey, orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà, wà lára wọn, kò béèrè rẹ̀ náà. Àpá ojú ni wọ́n kà láti mọ ibi tí ìgbóná ti jà, àpá apá láti mọ ẹni tí ó ti bupá, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 pé ìgbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀, a ti pa ìwé ọ̀rọ̀ náà dé.

Ebola ni ó ṣí ìwé náà padà. Láàárín ọdún 2014 sí 2016, ó mú ènìyàn tí ó ju 28,600 lọ, pàápàá ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, ó pa èyí tí ó ju 11,300 lọ, ó sì dá àwọn tí ó ju 10,000 lọ sí. Gẹ́gẹ́ bí ti ayé ìgbóná, iṣẹ́ ìtọ́jú ni a kọ́kọ́ wá àwọn wọ̀nyí fún: àjọ UNICEF gbà lára wọn láti máa ṣọ́ àwọn ọmọ tí àrùn náà ti ya òbí wọn nípa. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ń ráhùn pé oríkèé ń ro àwọn, pé ojú ń ṣe bàìbàì, pé ọ̀rọ̀ ń bọ́ lórí àwọn. Kì í ṣe ìráhùn lásán. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Ian Crozier, tí ó kó àrùn náà ní Sierra Leone, ti bọ́ nínú ewu fún nǹkan bí oṣù méjì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti mọ́, nígbà tí a fa omi inú ẹyinjú rẹ̀ kan tí a sì bá fáírọ́ọ̀sì Ebola níbẹ̀. Ẹyinjú tí ó jẹ́ búlúù tẹ́lẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2015, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ènìyàn 802 tí ó là á já ní Guinea nínú ètò tí wọ́n pè ní Postebogui, wọ́n sì rí i pé bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ṣì ní ohun tí ń ṣe wọ́n. Ti Liberia, PREVAIL III, tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé yàtọ̀ sí ẹni 966 tí ó là á já, ó mú ìbátan àti alábàágbé wọn 2,350 tí Ebola kò mú, kí a má baà ka àárẹ̀ ojoojúmọ́ sí àrùn lọ́rùn. Orí ń fọ́ ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó yè, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ ìdá 35.6 nínú àwọn ìyókù pẹ̀lú. Ta ni orí kì í fọ́? Oríkèé ríro ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀, 47.5 sí 17.5, àti ìgbàgbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, 29.2 sí 4.8. Èyí ni àṣẹ́kù àrùn: ohun tí fáírọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ lára lẹ́yìn tí àìsàn gan-an ti lọ. Ibà Lassa náà ní tirẹ̀, ó lè di ènìyàn létí.

Nígbà tí Kòrónà fi wọ Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìbéèrè náà ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Elisa Perego, awalẹ̀pìtàn ará Ítálì tí ara rẹ̀ kò tètè padà bọ̀ sípò, pè é ní long COVID, ìyẹn Kòrónà tí ó pẹ́ lára. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ jáde: kí àmì rẹ̀, bí àárẹ̀ tàbí èémí tí kò tó, wà lára ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, kí ó pẹ́ tó oṣù méjì ó kéré tán, kí a má sì rí ohun mìíràn tí ó fà á. Ìtumọ̀ náà kò béèrè ìwé àyẹ̀wò dandan. Ó gba ẹni tí ó ṣeé ṣe kí Kòrónà ti mú, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fi òwú kan imú rẹ̀ rí.