Ta Ni Yóò Fọwọ́ sí Ìtọ́jú Ọmọ?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ kan tí kò tíì pé oṣù kan dé ilé ìwòsàn iléeṣẹ́ epo Chevron ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ọmọ náà débi pé àwọn dókítà ní àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì fàyè gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ni ọlọ́pàá bá gba ilé ẹjọ́ Májísíréètì lọ. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára, ọmọ sì yè.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ìyá pẹjọ́, ó ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ àwọn lójú, ó sì béèrè fún mílíọ̀nù 15 náírà. Orúkọ ọmọ náà gan-an ni wọ́n fi ṣáájú nínú ìwé ìpẹ̀jọ́, lòdì sí àwọn tí ó dóòlà ẹ̀mí rẹ̀! Wọ́n fìdí rẹmi láti ilé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, títí di ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2019, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọmọ ọwọ́ ìjọsí ti di ẹni ọdún 21. Adájọ́ Bode Rhodes-Vivour là á yé wa pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, ìbáà já sí ikú, ṣùgbọ́n òbí kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ du ọmọ ní ẹ̀mí.

Apá kìíní ìdájọ́ yìí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2001, ilé ẹjọ́ kan náà dá dókítà kan láre, ẹni tí ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn oníṣègùn ti ní kí ó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, nítorí pé kò fa ẹ̀jẹ̀ sí obìnrin ẹni ọdún 29 kan lára. Obìnrin náà ti fọwọ́ síwèé pé òun kò fẹ́ ẹ. Ó kú.

Ní Òfíkì àti káàkiri Òkè-Ògùn, ìgbàgbọ́ nìkan kọ́ ni ó ń dá ìtọ́jú ọmọ dúró. Bàbá lè wà lóko, kí ìyá máa sọ pé òun kò lè fọwọ́ síwèé láìjẹ́ pé bàbá ọmọ dé, nítorí àṣà ní bàbá ló lọmọ. Òbí ni ìyá náà lójú òfin. Òfin ìlera ọdún 2014 sì ka kíkọ ìtọ́jú pàjáwìrì sí ẹ̀ṣẹ̀ fún dókítà àti nọ́ọ̀sì. Èyí tí ó ń kọ mí lóminú ni ti àṣẹ ilé ẹjọ́. Èkó ni ọmọ ọdún 1997 wà, wọ́n tètè rí Májísíréètì. Bí ó bá jẹ́ Òfíkì ni, lóru, tí òjò ń rọ̀, ta ni yóò tẹ̀ lé ọlọ́pàá wá adájọ́ lọ?